Eérú Súyà Nídìí Ewé

Ìwé ò wọ Sẹ̀kínát lórí rárá. Ewé ló mọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò nílé ìwé ní Ìsẹ́yìn kí bàbá rẹ̀ tó wá fà á lọ́wọ́ padà sóko, ṣùgbọ́n kò tíì sí ewé tí yóò ṣàìsàn níwájú rẹ̀ tí kò ní mọ ohun tó ń ṣe é. Á yí ewé ọ̀hún padà, á wo abẹ́ rẹ̀, á fi àtàǹpàkò rún un, á gbóòrùn rẹ̀. Tí kò bá tíì dá a lójú, á bu yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ sórí ahọ́n, á tọ́ ọ wò, á tu ú dànù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í sì í gùn.

"Ebi ń pa á."

Tàbí kó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú omi jù. Ẹ lànà fún omi kó ṣàn lọ."

Ewé tábà lòun àti Ṣítù ọkọ rẹ̀ gbìn fún ọdún mọ́kàndínlógún, tí wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń ṣe sìgá. Àwọn ọ̀gá tó ń wá wo oko a máa mú ìwé àti gègé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ti rú wọn lójú, wọn á ní, "Ìyàwó Ṣítù dà?" Inú Ṣítù a sì máa dùn dé ẹ̀yìn. "Ojú Àṣàkẹ́ mi," á ní, "ju awò òyìnbó lọ."

Ojú yẹn náà ló wá dun Sẹ̀kínát jù nígbà tó yá. Ṣítù ló máa ń wé tábà tuntun, tí á fà á wò kí wọ́n tó dì í lọ fún oníbàárà. "Èèyàn gbọ́dọ̀ tọ́ ohun tó ń tà wò," ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Ó tọ́ ọ wò títí ikọ́ fi dé, ikọ́ kékeré kan báyìí, gbígbẹ. Ọdún méjì ni Sẹ̀kínát fi fọ abọ́ itọ́ ọkọ rẹ̀, itọ́ dúdú bí ọ̀dà. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Ṣítù, ní 2001, ó dá dúró lẹ́yìnkùlé, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ta ló tọ́jú ewé yẹn tó fi sanra? Ta ló ń mọ̀ pé ebi ń pa á, tó ń fún un jẹ? Ibẹ̀ ló ti búra pé ewé tí wọ́n ń sun sẹ́nu, ọwọ́ òun kò ní wò ó sàn mọ́ láyé.

Kúlísúmù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló mú un wá sí Adelphi, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2004. Ilé alájà mẹ́ta ni wọ́n ń gbé, kò sí ilẹ̀ tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kó sọ pé tòun ni, ni Sẹ̀kínát bá to ike ọ̀dà sí bákónì, ó gbin ewúro àti ata sí i. Kò pẹ́ tí obìnrin ará El Salvador tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkòkò tòmátò gòkè wá bá a. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Sẹ̀kínát á fọwọ́ lu ikùn, á ya ẹnu: ebi ni. Á tún fọwọ́ di ọ̀fun, á yọ ojú: omi ti pọ̀ jù. Ẹ̀rín á pa àwọn méjèèjì, tòmátò á sì yè.

Mùtàlíbù àbíkẹ́yìn rẹ̀ ń gbé ní Seat Pleasant, tí kò jìnnà sí Adelphi. Ọkọ̀ tó ń gbé àwọn arúgbó lọ sọ́sibítù ló ń wà tẹ́lẹ̀, ó sì ti tó oṣù mẹ́fà tó ti fi í sílẹ̀, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ààwẹ̀ ọdún 2007, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo ewé kan."

"Ewé kí ni?"

"Ewé oògùn ni. Ó ń ṣàìsàn."

"Ewé oògùn ń ṣàìsàn! Ta ni yóò wá ro àgbo fún un?" Ó rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tí ọmọ yìí ti bi í léèrè nǹkan kan.

"Ẹ bá mi gbé ògì dání o, ààwẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn."

Lọ́jọ́ Sátidé, Kúlísúmù fi mọ́tò já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Mùtàlíbù, ó kọjá lọ síbi iṣẹ́. Sẹ̀kínát gbé ike ògì rẹ̀ mọ́ àyà, omidùn dúró lórí ògì náà, ó ń mì bí ó ti ń rìn. (Omidùn ni a ń pè é, kíkan ni bí ọsàn wẹ́wẹ́.) Kó tó kanlẹ̀kùn ni òórùn kan ti wá pàdé rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹran kan ló kú sábẹ́ ilé. Òórùn òbúkọ tó sun ojú òjò mọ́jú ni, tí wọ́n wá fi bẹntiróòlù wẹ̀ fún.

"Mùtàlíbù, kí ló ń rùn báyìí?"

"Ẹ kú ìrìn, Ìyá. Ẹ wọlé kíá, ẹ wọlé." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dìde, ó yọjú síta, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó ti ilẹ̀kùn pa. Ọmọ tó bẹ̀ ẹ́ wá ń wo ìta bí olè. Ìyẹn náà kò tẹ́ Sẹ̀kínát lọ́rùn.

Ó gbé ògì sórí tábìlì ìdáná, ó tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé. Iná ibẹ̀ mú ojú bí oòrùn ọ̀sán gangan. Wọ́n ti fi ọ̀rá funfun bo ògiri, fáànù ń fẹ́ yẹẹ, ìkòkò mẹ́rìnlélógún sì tò lọ kítikìti, ewé oníka méje lórí gbogbo wọn, òdòdó onírun lẹ̀ mọ́ orí wọn bí ìdin tó bo ẹran. Òórùn yẹn kì í ṣe òórùn àlejò mọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Òórùn ẹ̀yìn gáréèjì Ìsẹ́yìn ni, níbi tí àwọn olójú pípọ́n máa ń jókòó sí.

"Igbó nìyí."

"Ìyá, oògùn ni wọ́n ń fi ṣe níbí o. Àwọn tó ní jẹjẹrẹ..."

"Mo ní igbó nìyí! Inú igbó la ti mú ọ jáde, Àlàó, a ní kó o lajú. O la ojú tán, igbó lo tún kó wọlé. Ṣìọ̀!"

"Kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀, Ìyá. Ọ́gánìkì ni. Ohun tí Ọlọ́run dá nìkan ni mo fi ń bọ́ ọ. Ìgbẹ́ adìyẹ, egungun lílọ̀, ìgbẹ́ àdán..."

"Ìgbẹ́ kí ni?"

"Ti àdán, Ìyá. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń dì í sí tà."

Sẹ̀kínát wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ tí mo bí sí àárín ìgbẹ́ màlúù lọ́fẹ̀ẹ́, o wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí Amẹ́ríkà, o wá ń ra ìgbẹ́ àdán. Ọmọ yìí, ojú tì mí. Májèlé tí wọ́n fi ìgbẹ́ bọ́, ṣé kì í ṣe májèlé mọ́ ni? Ọlọ́pàá tó bá wọ ibí, ṣé wọ́n máa bi ọ́ bóyá ọ́gánìkì ni?"

Mùtàlíbù kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Kì í ṣe kíkúnlẹ̀ àwàdà. "Ìyá, ẹ bú mi, ẹ nà mí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù kí òdòdó yìí gbó. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Mo ti ka gbogbo ìwé tó wà nílé, bí mo bá ṣe ń fún un lóúnjẹ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ́n sí i. Tí ó bá kú, kò sí ohun tó kù fún mi níbí ju kí n lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún gbà mí sídìí ọkọ̀ arúgbó."

Ó yẹ kó yí ẹ̀yìn padà nígbà yẹn, kó gòkè. Ohun tó ń kó o nírìíra jù ni pé ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó mọ̀. Ó ti rí i pé àwọn ewé ìsàlẹ̀ ti pọ́n, wọ́n ń já bọ́, ó sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe àìsàn: ewé tó ń yọ òdòdó dà bí abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn ni, ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń yọ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ewé tuntun tó wà lókè pátápátá náà ti pọ́n, àwọn iṣan inú rẹ̀ nìkan ló tutù yọ̀yọ̀ bí àwọ̀n tí wọ́n nà sórí rẹ̀. Èyí kì í ṣe ebi. Oúnjẹ wà nínú àwo, ọ̀fun ló dí.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀, ó fi kan ahọ́n.

"Tùẹ́!" Ó tu ú sílẹ̀, ó tún tu ú. Bí omi eérú tí wọ́n ń sẹ́ fún ọṣẹ dúdú ló rí lẹ́nu rẹ̀, ó tún ní òróró àti ata nínú. "Kí lo dà sí ìdí nǹkan yìí?"

"Eérú ni."

"Eérú kí ni?"

Mùtàlíbù fọwọ́ họ orí. "Eérú súyà. Èyí tó kù nínú ohun tá a fi ń yan ẹran lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ewé ń pọ́n, mo rántí Bàbá. Mo rí i nígbà tí mo wà ní kékeré, eérú ló máa ń wọ́n sídìí tábà, tábà á sì dúdú mìnìjọ̀. Ni mo bá ń dà á sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

"O rí ọwọ́ bàbá ẹ, o ò rí òjò." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ilẹ̀ kíkan ni ilẹ̀ wa, òjò á sì máa fọ̀ ọ́ láti oṣù kẹrin. Ìyẹn ni bàbá ẹ ṣe ń fi eérú rọ̀ ọ́ lójú. Ẹ̀kúnwọ́ kan lọ́dún, ó tán. Òjò wo ló ń rọ̀ nínú yàrá yìí? Ọṣẹ lo ń sè nínú ìkòkò yìí, Àlàó. Ewé kì í jẹ ọṣẹ."

Ojú Mùtàlíbù mọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. "Ìyá! Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé ẹ máa rí i! Kí wá ni oògùn rẹ̀?"

Sẹ̀kínát mọ oògùn rẹ̀. Lọ́dún tó gbé Kúlísúmù pọ̀n, atẹ́gùn gbé òkìtì eérú kan dà sórí ọ̀gbìn tábà, gbogbo rẹ̀ pọ́n báyìí gẹ́lẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbé omidùn wá, ó bu omi là á, ó ní kó máa fi í bomi rin ọ̀gbìn náà. Kò pé ọjọ́ mẹ́jọ tí ewé fi padà dúdú. Omidùn kan náà ló wà lókè yìí, nínú ike, lórí tábìlì ìdáná, lókè orí ọmọ rẹ̀ gan-an.

Ó wo Mùtàlíbù níbi tó kúnlẹ̀ sí. Èjìká Ṣítù ni. Ó ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ti máa ń retí i, pẹ̀lú ẹ̀rín ìgbéraga yẹn. Inú Sẹ̀kínát fẹ́ rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là.

Mùtàlíbù bá wúkọ́. Ikọ́ kékeré kan báyìí, gbígbẹ.

"O ti ń mu ún?"

"Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, Ìyá." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣebí èèyàn gbọ́dọ̀ tọ́ ohun tó ń tà wò."

Sẹ̀kínát pa ẹnu dé. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró bí ẹni tó fọwọ́ kan òkú ajá, ó kọrí sí àtẹ̀gùn.

"Ìyá, oògùn rẹ̀ ńkọ́?"

"O ní kí n wá wo ewé. Mo ti wò ó. N ò purọ́ mọ́ ewé rí, mo sì ti sọ ohun tó ń ṣe é fún ọ. Dìde lórí sìmẹ́ńtì, ó tutù. Wá gba ògì rẹ."

Ó dìde, ó tẹ̀ lé e gòkè, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Nínú ìdáná, Sẹ̀kínát ṣí ike náà. Òórùn kíkan mímọ́ kan jáde, òun nìkan ni òórùn rere tó wà nínú gbogbo ilé yẹn. Ó gbé ike lọ síbi ìfọwọ́, ó dúró díẹ̀.

"Ẹ fẹ́ pààrọ̀ omi rẹ̀ ni?" Mùtàlíbù bi í.

"Omi àná ni. Ó ti kan jù."

"Ẹ rọra, Ìyá, kó má ta sí yín láṣọ."

Ó rọra lóòótọ́. Ó tẹ ike náà díẹ̀díẹ̀ kí ògì má bàa bá a lọ, omidùn ń ṣàn sínú ihò, ọmọ rẹ̀ sì fara ti fìríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wò ó. Nígbà tí ó da ẹ̀kán ìkẹyìn nù, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó bu omi tuntun lé ògì lórí, ó dé e, ó nà án sí i.

"Gbà. Ìwọ ni mo gbé e wá fún."

Ó fi omi ẹ̀rọ yọ ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n ìtọ́wò eérú náà kò kúrò.