Ọjọ́ Tí Èmi àti Ọ̀gágun Àlejò Jọ Kúnlẹ̀

Mo rántí ìgbà tí mo rò pé ìwé sẹ́kọ́ńdírì tí mo kà tó láti mú mi dúró níwájú àwọn ọ̀gágun. Bárékè kan ní Ọ̀jọ́ là ń gbé nígbà náà. Kọ́pùrà ni ọkọ mi, wọ́n sì ti ń yẹ orúkọ rẹ̀ wò láti sọ ọ́ di sájẹ́ǹtì. Àkọ́bí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ni.

Ọ̀gágun òyìnbó kan tó ti bá àwọn ọmọ ogun wa ṣiṣẹ́ pẹ́ ń padà sílùú rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ gbà á sínú ẹgbẹ́ ọlọ́lá wọn, níbi tí àjèjì kì í sábà wọ̀. Wọ́n wá obìnrin tí yóò fi tíréè gbé báàjì rẹ̀ wá. Ọkọ mi sáré dáhùn pé, "Ìyàwó mi gbọ́ òyìnbó dáadáa, sà!"

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé àwo ọbẹ̀ rìn kiri pálọ̀ bí ẹni gbé tíréè, ọkọ mi ń pàṣẹ.

"Rìn. Dúró. Na tíréè. Má sọ̀rọ̀. Bí o bá ba nǹkan jẹ́, sájẹ́ǹtì mi ti lọ nìyẹn."

"Yẹ́sà!" ni mo fi ń dá a lóhùn, mo ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo rìn, mo dúró. Ni mo bá gbójú sókè, mo rí irun bàbá òyìnbó náà, ó funfun bíi ti bàbá mi ní Èkìtì. Orúnkún mi kò bi mí kó tó kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà."

Wọ́n ti sọ fún òyìnbó pé ohun tó bá rí ni kó ṣe. Òun náà kúnlẹ̀! A wá dojú kọra wa bí ìyàwó àti ọkọ níwájú àna. Ọ̀gá àgbà tó fẹ́ lẹ báàjì náà na ọwọ́ síbi tó yẹ kí àyà òyìnbó wà, òfìfo ló bá. Òyìnbó rọra bi mí bóyá kó dìde. Gbogbo òyìnbó sẹ́kọ́ńdírì mi ti fò lọ. "Yẹ́sà" nìkan ló kù, bẹ́ẹ̀ n kò dìde, òun náà kò dìde. Ayàwòrán yà wá bẹ́ẹ̀; lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ mi di ojú rẹ̀ méjèèjì.

Ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lẹ báàjì mọ́ ọn láyà, ó ní, "Ó ti di ọmọ wa. Ẹ dìde." Ẹ̀rín bo gbogbo gbọ̀ngàn.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi ní, "Ta ló ní kí o kúnlẹ̀?"

"Irun rẹ̀ ló funfun, Dádì."

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; èmi kó orúnkún lọ ní tèmi. Oṣù méjì gbáko ni mi ò sùn dáadáa, kí orúkọ ọkọ mi tó jáde fún sájẹ́ǹtì. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ló gbé òun ga. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa ní Ajangbádì lónìí, ìwé sájẹ́ǹtì rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fọ́tò ìkúnlẹ̀ èmi àti òyìnbó ló gbé kọ́ sí pálọ̀.