Àlá Tó Fẹ̀ Ní Ọgbọ̀n Ínṣì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Ìyá Aránṣọ jẹ́, ọrùn rẹ̀ ni kó wò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ẹ̀gbà ọrùn ṣe ọ̀ṣọ́. Tépù ìwọnṣọ ni tirẹ̀. Ó ń gbé e lọ sílé àdúrà, ó ń gbé e lọ síbi òkú. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ọkọ rẹ̀, ó wọn pósí kí wọ́n tó gbé e wọlé, ó sì bá àwọn tó kàn án jà pé ó kúrú. Ó kúrú lóòótọ́. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò bá ní iye nínú, afẹ́fẹ́ lásán ni.

Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìkan ni kì í fi tépù lé. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń kúnlẹ̀ láràárọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ òun ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀gá Kékeré ni gbogbo ilé ń pè é, torí pé orí kẹ̀kẹ́ arọ tó jókòó sí ló ti ń pàṣẹ fún tọmọdé tàgbà. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá. Ọwọ́ ìyá àgbà lọmọ wà.

Nígbà tí ìròyìn dé pé ìgbìmọ̀ àdúgbò fẹ́ ṣe pápá ìṣeré sí ilẹ̀ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, Ọ̀gá Kékeré ti orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ béèrè pé:

“Màmá àgbà, ṣé màá wọlé, àbí màá kàn máa wò wọ́n láti ojú fèrèsé?”

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Ìyá Aránṣọ kúnlẹ̀, kò bẹ̀bẹ̀ fún ẹsẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló bẹ̀bẹ̀ fún. Bó ṣe dìde ni ojú tì í, bí ẹni tó lọ bá ọlọ́jà tuntun tó sì kọ ẹ̀yìn sí oníbàárà àtijọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbìmọ̀ pe ará àdúgbò sípàdé láti gba èrò wọn. Wọ́n lẹ àwòrán pápá náà mọ́ ògiri, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sókè rẹ̀ pé PÁPÁ TI GBOGBO ỌMỌ. Akọ̀wé ìgbìmọ̀, ọkùnrin kan tí ẹ̀rín rẹ̀ kì í sinmi, ń pín bébà pélébé pélébé kiri.

“Yẹ́lò fún àlá yín, gíríìnì fún ìdúpẹ́ yín. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.”

“Èwo ni ti ẹ̀sùn?” Ìyá Aránṣọ ló bi í.

“A ò ní ti ẹ̀sùn, mà. Ìpàdé ayọ̀ ni.”

Ó dìde, ó lọ tẹ imú mọ́ àwòrán náà. Wọ́n ya jangílófà kan tó ní ibi ìfẹ̀yìntì àti bẹ́líìtì, èyí tí wọ́n dìídì rà fún irú àwọn Ọ̀gá Kékeré. Ó dáa. Ó wo gbẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ ìfẹ̀ rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: ínṣì mẹ́rìnlélógún.

“Akọ̀wé, ínṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni kẹ̀kẹ́ ọmọ mi. Ṣé ẹ fẹ́ ká ká a mọ́ra bí aṣọ ni?”

“Àwòrán lásán ni, mà. Ẹ má wo nọ́ńbà, ẹ wo ẹ̀mí tó wà nídìí ẹ̀.”

“Ẹ̀mí á wọlé. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń bi yín.”

Ibẹ̀ ni Ìyá Aládùúrà, ẹni tí àdúrà rẹ̀ kì í mọ ọ̀nà ilé tó bá ti jáde, dìde láti àárín gbọ̀ngàn.

“Háà, Ìyá Aránṣọ! Ẹ̀yin tí ẹ nígbàgbọ́! Kí lẹ fẹ́ fi gbẹ́ẹ̀tì fífẹ̀ ṣe? Ṣé ẹ ti gbà pé ọmọ yẹn ò ní rìn ni?”

Gbogbo gbọ̀ngàn ṣe àmín, bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ni, kì í ṣe àdúrà. Ọ̀rọ̀ náà gún Ìyá Aránṣọ ju abẹ́rẹ́ lọ, torí pé ohun tó ń bi ara rẹ̀ láràárọ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ò kú.

“Ẹ̀yin náà ń gbàdúrà fún ojú yín, Ìyá Aládùúrà. Gíláàsì tó wà ní imú yín ńkọ́? Ṣé ti ọ̀ṣọ́ ni?”

Ẹ̀rín sọ. Ó gba bébà yẹ́lò kan, ó kọ ọ́ sí i pé: “Mo lá àlá pé gbẹ́ẹ̀tì fẹ̀ tó ọgbọ̀n ínṣì.” Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti kẹ̀kẹ́, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Aránṣọ kankan kì í gé aṣọ láìfi àyè sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n lẹ èsì ìpàdé mọ́ ara ògiri: àlá ayọ̀, ogójì; àlá ìfẹ́, mọ́kàndínlógún; mìíràn, ọ̀kan. Òun ni Mìíràn.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ti Ọ̀gá Kékeré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Wẹ́dà, níbi tí wọ́n ti ń jó irin gbẹ́ẹ̀tì náà pọ̀.

“Màmá, ìwé tí wọ́n fún mi ni mò ń tẹ̀ lé o,” Wẹ́dà sọ, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

“Bẹ́ẹ̀ náà ni o ṣe fún mi ní ìwọ̀n ṣòkòtò ìgbéyàwó ẹ lọ́jọ́sí. Nígbà tí o ò lè jókòó nínú ẹ̀, ta ló bá ẹ tú u?”

Wẹ́dà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé férémù gbẹ́ẹ̀tì dúró, wọ́n ti kẹ̀kẹ́ sí i, táyà méjèèjì há gádígádí.

“Bọ̀dá Wẹ́dà,” Ọ̀gá Kékeré pè é, “ṣé kí n fi kẹ̀kẹ́ síta, kí n wá máa fò wọlé ni?”

Ẹ̀rín kúrò lójú Wẹ́dà. Ó mú ayùn ìgérin.

“Tí Akọ̀wé bá wá bi mí ńkọ́, Màmá?”

“Sọ fún un pé irin wú.”

Ìyá Aránṣọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ohùn ìdúpẹ́ náà jọ ti ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ gba ẹrù rẹ̀ ní ibùdókọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí pápá dé. Wọ́n fi pákó ṣe pèpéle fún Alága ìgbìmọ̀ àti àwọn èèyàn ńlá, kí iyanrìn má baà ba bàtà wọn jẹ́. Ọ̀gá Kékeré ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ wọlé. Gbẹ́ẹ̀tì gbà á, àyè tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Àtẹ́wọ́ ròkè lala. Kẹ̀kẹ́ yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró. Iyanrìn funfun báláú ni wọ́n kó kún gbogbo pápá, kí ọmọ tó bá ṣubú má baà fara pa, táyà sì ti rì dé ìdajì.

Ìyá Aránṣọ dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó wọn ẹnu ọ̀nà, kò wọn ilẹ̀. Ogójì ọdún tó ti ń wọn èèyàn láti ọrùn dé kókósẹ̀, kò béèrè rí ohun tí oníbàárà fẹsẹ̀ tẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀!” Alága ké láti orí pèpéle. “Ibẹ̀ yẹn dáa fún fọ́tò. Ọmọ wa, rẹ́rìn-ín!”

“Mi ò tíì dé ibi ẹ̀rín, sà,” Ọ̀gá Kékeré dáhùn. Ó nawọ́ sí jangílófà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. “Ibẹ̀ yẹn ni.”

Akọ̀wé ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ ní gbèsè. Ìyá Aládùúrà ló gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn: “Ẹ jẹ́ ká dijú, ká gbé ọmọ yìí lé Ọlọ́run lọ́wọ́!”

Gbogbo wọn dijú. Ìyá Aránṣọ náà dijú, ó sì gbìyànjú, Ọlọ́run mọ̀ pé ó gbìyànjú. Ohun kan ṣoṣo tó rí nínú òkùnkùn ojú rẹ̀ ni pákó. Ó lajú. Ó fi ojú wọn pèpéle, ó fi ojú wọn iyanrìn tó kù dé ìdí jangílófà. Ó tó.

Ó fọwọ́ pe Wẹ́dà. Wẹ́dà ló kan pèpéle náà, ó sì mọ ibi tí ìṣó rẹ̀ ò ti le. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́, pákó kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n ń tẹ́ ẹ méjì méjì sórí iyanrìn. Bí àwọn èèyàn ńlá ṣe ń gbọ́ tí pákó ń kúrò lẹ́yìn wọn, wọ́n ń sún síwájú, ojú wọn ṣì wà ní dídì, bí ẹni tí ẹ̀mí ń gbé. Àdúrà Ìyá Aládùúrà gùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé, ó gùn tó bó ṣe yẹ.

“Sà, ẹ dákun, ẹ gbẹ́sẹ̀,” Wẹ́dà rọra sọ fún Alága, ó sì yọ èyí tó kẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n ṣe àmín, Alága ti wà nínú iyanrìn dé kókósẹ̀, Ọ̀gá Kékeré sì ti gba orí pákó dé orí jangílófà, wọ́n ń di bẹ́líìtì fún un.

“Iṣẹ́ ìyanu!” Ìyá Aládùúrà pariwo. “Ẹ ò rí i! Iṣẹ́ ìyanu!”

Kò dá Ìyá Aránṣọ lójú pé irọ́ ni. Kò sì dá a lójú pé òótọ́ ni.

“Ìyá Aránṣọ,” Alága ń gbọn iyanrìn kúrò ní bàtà, “ìgbà wo lẹ máa dá pákó wa padà? Mi ò tíì ka ọ̀rọ̀ mi.”

“Ẹ máa kà á níbi tí ẹ wà yẹn, sà. À ń gbọ́ yín.” Ó yíjú sí Wẹ́dà. “Lọ gbé ìṣó wá, ká kan wọ́n pọ̀ síbí.”

“Màmá àgbà!” Ọ̀gá Kékeré ké. “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ wá tì mí!”

Ó lọ tì í.