Ìwé Tí Bàbárímisá Tẹ̀ka Sí

Bàbárímisá alágbẹ̀dẹ kò mọ̀wé rárá, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ ìtẹ-gàrí ní abúlé wa lẹ́bàá Moretan, ní ilẹ̀ Togo. Ọdún 1979 ni. Ṣáájú ìgbà yẹn, òkúta ńlá ńlá ni àwọn obìnrin wa máa ń gbé lé àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti rin, wọn á sì dúró fún ọjọ́ mẹ́ta kí omi rẹ̀ tó ro tán. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dojú dé lọ́nà Anié, Bàbárímisá lọ ra jáàkì rẹ̀ tó ti dípẹtà, ó fi igi ìrókò ṣe férémù fún un, ó yí i wálẹ̀ lé àpò lórí. Omi ń ya. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ẹ̀gẹ́ ti gbẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ kì í bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Á ní, "Wọlé, wọ̀n ọ́n." Tí onítọ̀hún bá fẹ́, á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lójú rẹ̀, á sì tò ó padà. Àdéhùn kan ṣoṣo ló máa ń bá èèyàn ṣe, ẹnu ló sì fi ń sọ ọ́: "Ẹni tó bá wá bi ìwọ náà, o ò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún un." Ọkùnrin kan láti apá Nangbéto wọ̀n ọ́n lọ. Nígbà tó padà wá kí i, ó ní òun ti fi páànù ṣe ọ̀nà tí omi ń gbà ṣàn síta, kí ilẹ̀ má baà di ẹrẹ̀. Bàbárímisá ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún òun, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn. Ìríra ni gbogbo ohun tó kù.

Ní 1984, ọ̀gbẹ́ni kan tí à ń pè ní Musiọ Laurent dé láti Atakpamé. Ọ́fíìsì kan tó ní òun ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ ló rán an. Ọ́fíìsì náà ti kógbá sílé tipẹ́, n kò sì fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ba ẹnu mi jẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ-gàrí kan wá, wọ́n kùn ún ní búlúù, ó ń dán. Bàbárímisá yí i po, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ mi rèé." Kò tilẹ̀ bínú. Ihò kan wà tí Bàbárímisá ṣèèṣì lu síbi tí kò yẹ ní 1979, tó sì fi irin dí. Ihò náà wà lára ti Laurent, wọ́n sì fi irin dí i bákan náà! Olè tí kò tiẹ̀ ronú. Ọdún méjì ṣáájú ni Laurent fúnra rẹ̀ ti wá wọ̀n ọ́n, ó jẹ iyán wa, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ gba àdéhùn yẹn.

Laurent ní àwọn obìnrin lè máa lo ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ti ọ́fíìsì ni. Ó fa pápíè yọ, ojú ewé mẹ́rin, Faransé tó kéré bí ẹyin iná orí. "Kọ́ndísọ́n lásán ni, òfin bí ẹ ṣe máa lò ó," ó ní. "Gbogbo ẹni tó máa fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí á tẹ̀ka."

Àpọ̀kẹ́, olórí àwọn tó ń yan gàrí, kọjú sí mi. Dominique lorúkọ mi, èmi ni olùkọ́ abúlé náà nígbà yẹn. "Mẹ́tírì, bá wa kà á. Kí ni wọ́n wí?"

Mo ka ìlà mẹ́ta, kò yé mi. Faransé àwọn agbẹjọ́rò ni, kì í ṣe èyí tí mo fi ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ojú gbogbo èèyàn wà lára mi, Laurent ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú sì ń tì mí láti sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo ṣí ojú ewé kejì, mo ṣí ẹ̀kẹta, mo ṣí ẹ̀kẹrin, mo ń mi orí bí ọ̀mọ̀wé. Mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ tọ́jú ẹ̀rọ náà dáadáa ni."

Bàbárímisá nìkan ló bi mí ní ìbéèrè. "Tó bá bàjẹ́, ṣé mo lè tú u?"

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò ní lè tú u, Bàbá? Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é?"

Ó tẹ̀ka. Àwọn obìnrin tẹ̀ka. Laurent fún mi ní ẹ̀dà pápíè náà kan àti ìgò bíà kan. Mo mu bíà, mo ju pápíè sínú àpótí. Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbárímisá gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ fún àwọn ará ìyá rẹ̀ ní òdìkejì odò, ó ní èyí tó dé yìí ti tó wa.

Nínú òjò 1985, ẹ̀rọ búlúù há. Àpọ̀kẹ́ àti àwọn obìnrin mọ́kànlá ti rin ẹ̀gẹ́ ogún àpò, oúnjẹ tí wọ́n máa fi wọ ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Laurent, kò dáhùn. Lọ́jọ́ kẹrin, ìdin ti ń jáde lára àpò, òórùn rẹ̀ wọ ilé ìwé, àwọn ọmọ ń di imú. Bàbárímisá ò dúró mọ́. Ó já òǹtẹ̀ òjé tí wọ́n fi dé ìdí jáàkì náà, ó ha ìpẹtà rẹ̀, ó fi epo sí i, ó yí. Àpò mẹ́jọ ni wọ́n rí gbà sílẹ̀. Wọ́n da ìyókù sínú igbó.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Laurent tó yọjú. Kò wo ẹ̀gẹ́ tó jẹrà, òǹtẹ̀ ló wò. Ó ní ẹ̀ka keje nínú pápíè náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀rọ náà àfi ọ́fíìsì. Ẹ̀ka kọkànlá sọ pé ẹni tó bá ti tẹ̀ka kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Ó nawọ́ sí Bàbárímisá: "Tí o bá ṣe òmíràn, ẹ̀wọ̀n ni. O tẹ̀ka. Bi Mẹ́tírì yín." Ó gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀, ó lọ. Ní ọdún wọ̀nyẹn, ta ló máa bá ìwé tó ní òǹtẹ̀ jiyàn? Àwọn obìnrin padà sídìí òkúta.

Bàbárímisá wá sílé mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ka?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Láti ọjọ́ yẹn, tí èèyàn bá wá láti Anié tàbí láti ibikíbi pé òun fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ náà, á ní, "Pápíè ò gbà," á sì kọjú síṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ́ àti àdá nìkan ló ń rọ.

Mo yá díṣọnẹ́ẹ̀, ìwé atúmọ̀ èdè Faransé, lọ́wọ́ Fadá, mo jókòó ti pápíè náà ní Sátidé mẹ́ta. Mo kà á láti òkè délẹ̀. Ṣíṣe ni wọ́n kọ̀ fún un. Kò síbi kankan tí wọ́n ti ní kó má kọ́ ẹlòmíràn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ilé àgbẹ̀dẹ rẹ̀. "Bàbá, pápíè ò ní kí ẹ má kọ́ni! Ẹ ṣì lè máa fi han èèyàn. Mo ti kà á tán, ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Ó gbé òòlù sílẹ̀.

"Lọ́jọ́ yẹn náà, ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo ṣí," ó ní. "Mo ń wò ọ́."

Kò kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ títí ó fi kú.