Ìyá Kí-lẹ-fẹ́-lu

"Kí lẹ fẹ́ lu?" Ìbéèrè tí obìnrin yìí máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà nìyẹn, nígbà míì kó tó kí i tán pàápàá. Nígbà tó yá, wọ́n kúkú fi sọ ọ́ lórúkọ: Ìyá Kí-lẹ-fẹ́-lu. Tíṣà kan tó wọlé lọ́jọ́ kan gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sódì. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò fẹ́ lu ẹnikẹ́ni o. Pákó ìkówèésí ni mo fẹ́ gbé kọ́ ògiri." Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín, torí ohun tó fẹ́ dá ihò sí ni obìnrin náà ń béèrè.

Iṣẹ́ aránṣọ ló kọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi jókòó ti máṣíìnì, tó ń rán aṣọ iléèwé àti kọ́tìnì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ni ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ìṣó, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, dírìlì àti bíìtì, ìyẹn irin lílọ́ tí wọ́n ń kì sẹ́nu dírìlì kó lè dá ihò. Lọ́dún tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀gbọ́n náà láàmú, tí dókítà ní kó lọ sinmi fún oṣù mẹ́fà, ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀.

"Bá mi jókòó síbẹ̀. Kò sí ohun tó le níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá béèrè ni kó o mú fún wọn."

Bó sì ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wẹ́dà kan, tó ń jó irin pọ̀, wọlé, ojú rẹ̀ le koko. Ó da bíìtì mẹ́ta sórí káńtà. Ẹnu wọn ti kú, ara wọn ti di búlúù bí ohun tó ti inú iná jáde.

"Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ tà fún mi. Géètì iléèwé ni mò ń ṣe, ihò méjì péré ni, bíìtì mẹ́ta ti kú."

Ẹlòmíì ì bá ti gbé ìjà rẹ̀ kò ó. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò mọ̀ bóyá bíìtì náà dára tàbí kò dára, kò sì lè purọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"Ṣé mo lè wá wo bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó?"

Wẹ́dà wò ó láti orí délẹ̀. "Pẹ̀lú aṣọ funfun tẹ́ ẹ wọ̀ yìí?"

"Mo máa ń fọ aṣọ."

Ó ti ìsọ̀, ó mú bíìtì tuntun méjì dání, ó tẹ̀lé e. Ní ṣọ́ọ̀bù, wẹ́dà fi ẹsẹ̀ tẹ irin mọ́lẹ̀, ó sì jẹ́ kí dírìlì máa yí ní eré àsápajúdé. Bíìtì ń yọ̀ kiri lójú irin, kò ríbi dúró sí. Nígbà tó wá ríbi, wẹ́dà fi gbogbo àyà tì í. Ariwo rẹ̀ ń ha etí, èéfín sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú.

"Ẹ dákun, ẹ dúró ná!" ni obìnrin náà ké. "Bí mo bá fi irú eré yẹn rán aṣọ tó nípọn, abẹ́rẹ́ á gbóná, á sì kán. Ṣé kò lè rọra yí ni?"

Kó tó sọ ọ́ tán, irin yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wẹ́dà. Kàú! Bíìtì kán sínú ihò.

Wẹ́dà mí kanlẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Ọ̀gá mi kò kọ́ mi báyìí. Ìkánjú ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe kọ́ yín?"

Ó sọ fún un, ó sì ń ṣe é bó ṣe ń sọ ọ́. Ó fi púláyà di ìdí bíìtì tó kù síta mú, ó rọra yí i sẹ́yìn títí ó fi jáde. Ó de irin mọ́ tábìlì kó má lè mira. Ó fi òòlù àti ìṣó líle ṣe ojú kékeré síbi tí ihò máa wà, kí bíìtì lè ríbi jókòó. Ó fi bíìtì tín-ín-rín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣáájú. Obìnrin náà ló ń kán ọ́ìlì sí i, òun náà ló ń sọ pé "ẹ rọra" ní gbogbo ìgbà tí apá wẹ́dà bá tún fẹ́ yára. Bíìtì ńlá wá tẹ̀ lé e, ẹ̀rún irin sì ń jáde ní lílọ́ gígùn, bí òwú tó ń tú. Èéfín kò rú mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni obìnrin náà ti gbé pákó kan, àjákù irin, búlọ́ọ̀kù kan àti táìsì ìtẹ́lẹ̀ mélòó kan síwájú ìsọ̀, tó ń fi wọ́n kọ́ ara rẹ̀. Ó ba táìsì mẹ́rin jẹ́ kó tó mọ̀ pé kò yẹ kí dírìlì máa gbá bí òòlù lórí wọn, àti pé téèpù tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn kì í jẹ́ kí bíìtì yọ̀. Ó rí i pé ẹ̀yìn pákó máa ń ya bí kò bá sí pákó míì lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan gbé dírìlì wá, tó ní òun ti ń lu ògiri láti àárọ̀, kò wọlé. Ìyá Kí-lẹ-fẹ́-lu tẹ bọ́tìnnì kékeré kan, ó ní, "Ẹ̀yìn ló ń yí sí. Ẹ má dààmú, èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí mo gbá dírìlì mú."

Ní oṣù keje, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà wá, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Ó wo pákó tí ihò ti kún ara rẹ̀. Káfíńtà kan wọlé, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bi í léèrè àlàáfíà, ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀ láti béèrè bíìtì tó dára fún igi líle. Nígbà tí káfíńtà lọ tán, ẹ̀gbọ́n náà ní:

"Ohun tí wọ́n bá béèrè ni mo ní kó o mú fún wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn náà ni ò mọ ohun tí wọ́n ń béèrè."

Ẹ̀gbọ́n náà yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà rò pé inú ń bí i, ó ti ń wá báàgì rẹ̀ kiri.

"Ṣé o mọ̀ pé mi ò dá ihò kan rí?" ni ẹ̀gbọ́n náà sọ, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ọdún mọ́kànlélógún. Títà ni mò ń tà."

Àbúrò rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó de pákó kan mọ́ káńtà, ó gbé dírìlì lé e lọ́wọ́.

"Ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Ṣé ẹ̀yìn mi la fẹ́ lu ni?"

"Ó dáa. Ẹ má tì í. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ igi fúnra rẹ̀."

Dírìlì rọra yí. Lẹ́búlẹ́bú igi ń já bọ́ sórí bàtà rẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú kan wo inú ihò náà.

"Ó wọ́."

"Ó wọ́ díẹ̀. Ẹ súnmọ́ ọn, kẹ́ ẹ dúró gangan lẹ́yìn rẹ̀."

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó sì tún gbé dírìlì náà.