Ìyá Ẹlẹ́ja Fi Iyọ̀ Fọ Iṣẹ́ Ìwádìí Mi

Oore ni wọ́n fi ba iṣẹ́ mi jẹ́ lónìí, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí.

Bayokẹ́mísìrì ni mò ń kà ní yunifásítì. Ẹ̀dọ̀ ẹja àrọ̀ ni mo fi ń ṣe ìwádìí, ẹja náà sì gbọ́dọ̀ wà láàyè títí a ó fi gbé e dé láàbù.

Mo ra mẹ́ta lọ́wọ́ ìyá ará Ọ̀yọ́ kan ní ọjà Pessu, nílùú tí mo ti ń kàwé. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀dọ̀ ẹja ni mo fẹ́ lò, mo ní kí wọ́n bá mi tọ́jú ẹja sínú omi, kí n sáré lọ ra áìsì tí a ó fi tọ́jú ẹ̀dọ̀ náà ní láàbù. Kí n tó dé, ìyá ti pa gbogbo ẹja, wọ́n ti gé e.

"Ìyá! Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Ṣebí o ní ẹ̀dọ̀ lo fẹ́? Mo ti fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ fún ẹ. Ẹni tó ń kàwé ò gbọdọ̀ máa ṣe wàhálà ẹja."

Ẹ̀dọ̀ tí iyọ̀ bá ti kàn ò wúlò fún wa mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Wọ́n tún ṣàdúrà fún mi.

Ní láàbù, ọ̀gá mi yọjú wo inú ọ̀rá: "My pikin, na sample be this abi na pepper soup?"

Ẹja ti wà lórí iná báyìí.

Ọ̀la ni mo tún ń padà lọ bá ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo lèèyàn ṣe ń bẹ ẹni tó ń ṣe é lóore pé kó má ṣe é mọ́?