Àga Kan ní Apá Àwọn Obìnrin

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. N kò mọ̀wé kọ dáadáa. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà ní Ìbàdàn kí wọ́n tó mú mi wá sí Amẹ́ríkà, èyí tí mo kà níbí kò sì pọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wá sí mi lọ́kàn ni màá ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo tó ọmọ ọdún méjìlá, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi, Àǹtí Bísí, ni mò ń gbé ní Forestville. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní agbègbè yìí á rántí pòtétò gbígbẹ inú páálí tí wọ́n máa ń rò fún wa, tí wọ́n á ní iyán ni. Ẹ ó rántí abọ́ áísìkiriìmù tí ẹ máa ṣí tayọ̀tayọ̀, tó jẹ́ pé ọbẹ̀ tó ti di yìnyín lẹ máa bá nínú rẹ̀. Àwa àti àwọn ọmọ àǹtí mi máa ń ṣeré tẹ́ńtẹ́n ní ibi ìgbọ́kọ̀sí títí ẹsẹ̀ wa á fi tutù nini. Bí mo bá ṣẹ̀, màá kúnlẹ̀, màá kọjú sí ògiri, màá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ sunkún sókè kí aládùúgbò má baà pe ọlọ́pàá.

Iṣẹ́ mi tó ṣe pàtàkì jù ni àga títò. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ wa, gbọ̀ngàn kan tí a háyà ní Lanham, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù táyà, la sì ti ń jọ́sìn. Láràárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń ṣí àwọn àga onírin tó ṣeé ká: ti àwọn ọkùnrin lápá òsì, ti àwọn obìnrin lápá ọ̀tún, kí àárín sì ṣófo gbalaja. Àwọn panápaná máa ń wá wo ibẹ̀, onílé sì ti kìlọ̀ pé bí òun bá rí àga kan lójú ọ̀nà, òun á lé wa jáde. Kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń to àga. Ìgbà tí àga bá dín kan ni wọ́n máa ń rántí orúkọ mi.

Nínú ìjọ wa yìí ni Bọ̀dá Ayọ̀délé wà, bí a ṣe ń pè wọ́n nígbà náà. Àwọn ló ń ṣe ètò Yorùbá lórí rédíò láràárọ̀ Sátidé, kò sì sí Yorùbá kan, láti Cheverly títí dé Lanham, tí kò mọ ohùn wọn. Wọ́n á kéde ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, àti ẹni tó ń wá yàrá tó máa háyà. Nígbà kan, ìyá mi kọ lẹ́tà sí wọn láti Ìbàdàn, wọ́n sì kà á sétí gbogbo ayé, wọ́n pè mí ní Mosúnmọ́lá Àkànkẹ́ láìgé e kúrú. Nílé ìwé, “Mo” lásán ni àwọn tíṣà ń pè mí. Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún lọ́jọ́ náà.

Ní Sátidé kan, mò ń ṣa ẹ̀wà, Àǹtí Bísí ń dín dòdò. Ayọ̀délé ka ìkéde tán lórí rédíò, wọ́n wá ní:

“Ẹ̀yin ará mi, ọdún mẹ́fà nìyí tí mo ti ń wọ ilé yín láràárọ̀ Sátidé, ṣùgbọ́n ohùn mi nìkan ló ń wọlé, ìta ni èmi fúnra mi ń dúró sí. Obìnrin ni mí. Ọkùnrin ni gbogbo ayé ń pè mí, mo sì ń dá wọn lóhùn títí ó fi rẹ̀ mí. Ìyá mi mọ̀ kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, mo sì pa á mọ́ nítorí mo fẹ́ràn wọn. Mo ti kéde ọ̀pọ̀ òkú fún yín. Mi ò fẹ́ kí ẹnì kan wá kéde tèmi lọ́jọ́ kan, kó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Orúkọ mi ò yí padà, Ayọ̀délé náà ni. Lọ́la, màá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì bí mo ṣe máa ń wá. Mi ò ní kí ó yé gbogbo yín lónìí. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n rí ibi jókòó sí.”

Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí.

Àǹtí Bísí sunkún títí dòdò fi jóná. Wọ́n fi etí ìró nu ojú, wọ́n ní, “Ó mà ṣe o, èèyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n kò ní jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi o.”

Nígbà tó fi di ọ̀sán, àwọn àgbà ìjọ ti kún pálọ̀ wa fún mítìn. Gbogbo wọn ló gbọ́ rédíò, gbogbo wọn ló sunkún. Ojú Bàbá Alàgbà, olórí ìjọ wa, ṣì pọ́n. Èmi ni mò ń gbé omi fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ fi bí ìdajì wákàtí yin ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní látọjọ́ tí àwọn ti dé Amẹ́ríkà, àwọn ò tíì gbọ́ Yorùbá tó wọni lára tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin, wá béèrè pé apá wo ni ó máa jókòó sí.

Àwọn ọkùnrin ní ẹni tó ti pe ara rẹ̀ lóbìnrin kò lè wá sápá tàwọn mọ́. Àwọn obìnrin ní àwọn ṣì ń rò ó. Ẹnì kan dábàá ilé ìdáná, pé ìwàásù ń dún débẹ̀ dáadáa. Ẹlòmíràn dábàá àárín.

“Àárín kẹ̀?” ni Bàbá Alàgbà wí. “Panápaná ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ kó padà síbi tó ti ń jókòó tẹ́lẹ̀, Bàbá,” ni Ìyá Ìjọ fèsì. “Lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.”

“Ìyá Ìjọ, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń sọ pé àánú rẹ̀ ṣe yín? Àánú ọ̀hún ò wá tó àga kan ni?”

Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Ìyá Ìjọ pàápàá rín. Àǹtí Bísí, tí wọ́n ti ń bínú bọ̀ láti ọjọ́ Wẹ́sidé nítorí arúgbó òyìnbó kan tó sún àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbi iṣẹ́, ní ọ̀rọ̀ náà gba sùúrù.

Wọ́n pinnu pé kí gbogbo ìjọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí rẹ̀, kí ẹnì kan sì pe Ayọ̀délé pé kó ní sùúrù nílé ná. Fóònù Bàbá Alàgbà kò ṣe dáadáa. Ìyá Ìjọ kì í gbọ́rọ̀ lórí fóònù. Àǹtí Bísí ní iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n jẹun, wọ́n di èyí tó kù dání, wọ́n sì lọ. Kò sẹ́ni tó pe Ayọ̀délé. Lẹ́nu ọ̀nà ni Bàbá Alàgbà ti rántí mi. Wọ́n ní lọ́la, kí n yọ àga kan kúrò lápá àwọn ọkùnrin, kí n má sì fi ẹyọ kan kún ti àwọn obìnrin.

Mo ní, “Ẹ ṣé, sà.” Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹni tó ní kí a ṣáà jẹ́ kí òun ríbi jókòó máa dé, orí ìdúró ni wọ́n sì máa wà títí ìsìn á fi parí, bí wọn kò bá yíjú padà láti ẹnu ọ̀nà.

Lónìí, ìjọ wa ti ní ilé tirẹ̀. Bẹ́ǹṣì onítìmùtìmù ló wà níbẹ̀, wọ́n kàn án mọ́lẹ̀, kò sí ọmọdé tó ń to nǹkan kan. Ojúlówó iyẹ̀fun iṣu wà ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ sì ní àwọn kò jẹ ẹ́. Bí ẹ bá bi àwọn àgbà nípa Àǹtí Ayọ̀délé, wọ́n á ní tọwọ́tẹsẹ̀ ni àwọn gbà wọ́n láti ọjọ́ kìíní. Bàbá Alàgbà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù, pé ìjọ wa kò ta ẹnikẹ́ni nù rí. Àǹtí Bísí á ṣe àmín. Èmi náà á ṣe àmín, torí ojú máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láwùjọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mítìn yẹn, nígbà tí Àǹtí Bísí ṣì ń wá ibi tí wọ́n máa gbé mọ́tò sí, mo yọ àga kan kúrò lápá àwọn ọkùnrin, bí wọ́n ṣe rán mi. Mo gbé e kọjá ní àárín, mo ṣí i sí ìlà kẹta lápá àwọn obìnrin. Àǹtí ti ní Ayọ̀délé kò ní jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn, n kò sì fẹ́ ṣàìgbọràn, torí náà mo gbé àga tèmi sáàárín tiwọn àti tọ̀hún. Mo fi ìwé orin kan lé ti Ayọ̀délé kí ẹlòmíràn má baà gbà á, mo sì jókòó sí tèmi kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.