Táyà tí Yóò Gbé Rùkáyà dé Ìpetu

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere kọjá níwájú yín ní Dàda Estate, l'Óṣogbo, láàárọ̀, tó ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, Rùkáyà nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọmọ ọdún méjìlélógójì. Fáìlì ló ń tò ní ọ́fíìsì láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n tí Sátidé bá ti dé, ẹ má wulẹ̀ wá a délé. Bàbá rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ló kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Bàbá ti kú, ìfẹ́ kẹ̀kẹ́ ò kú.

Ọ̀rọ̀ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ló wà nílẹ̀ báyìí. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Àpìkẹ́, padà sí lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Rùkáyà gun kẹ̀kẹ́ láti Òṣogbo láti lọ kí i. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré lórí ọ̀dà, ló wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ nígbà náà. Ó dé Iléṣà wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ bó ṣe yà kúrò ní títì kí tírélà má baà tẹ̀ ẹ́ pa, tó gba ọ̀nà oko olókùúta, gbẹgẹdẹ gbiná. Táyà jò, ó lẹ̀ ẹ́. Ó tún jò, ó tún lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó jò lẹ́ẹ̀kẹta, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Orí ọ̀gẹ̀dẹ̀, nínú ọkọ̀ ẹlẹ́rù, lòun àti kẹ̀kẹ́ jókòó wọ Ìpetu, lójú gbogbo àdúgbò.

"Rùkáyà, tà á," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mi ò bí ọmọ kí wọ́n máa dì í mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wálé."

"Mọ̀ọ́mi, ẹ fún mi láyè lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí mi ò bá gùn ún dé ẹnu ọ̀nà yín, wàláhì, n óò tà á."

Rùkáyà kì í sì í fi wàláhì ṣeré. Bó bá kùnà lẹ́ẹ̀kejì, kẹ̀kẹ́ ti lọ nìyẹn.

Ìdí nìyí tó fi gbọ̀nà Ọ̀fàtẹ̀dó lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, sọ́dọ̀ Ògúnjìnmí. Fọganáísà àgbà ni, àádọ́rin ọdún rẹ̀ kù díẹ̀, kò sì sí kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà tí kò tíì gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá ládùúgbò náà. Oríṣi táyà tòkunbọ̀ mẹ́ta, méjì-méjì, ló gbé síta. Ìkíní tẹ́ẹ́rẹ́ bí èyí tó dójú ti Rùkáyà, kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Ìkejì ní eyín gànnàgànnà. "Màdáámù, èyí ò mọ̀ pé òkúta wà láyé," ni Ògúnjìnmí wí. Lóòótọ́, nígbà tí Rùkáyà gùn ún wò, ó la òkúta kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe gun ọ̀dà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó sì wúwo bí ẹni ń wọ́ màlúù.

"Bàbá, ọ̀dà ni láti ibí dé Iléṣà o! Orúnkún ta ni mo fẹ́ yá?"

Ìkẹta ló wá fẹ̀ níwọ̀nba. Àárín rẹ̀ tẹ́jú, etí rẹ̀ méjèèjì ní eyín kéékèèké. Ògúnjìnmí ò tíì fẹ́ ẹ dé ìdajì tí epo fi tán nínú ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà. Ta ló fẹ́ dúró de epo? Rùkáyà gun kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, ó forí lé òpópónà tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí. Háà! Òkúta wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó ń gun orí ẹní. "Èyí ni! Èyí ni!" Ó pariwo débi pé àwọn adìẹ tú ká.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi," ni Ògúnjìnmí wí. "Kó tó di Sátidé, n óò ti fẹ́ ẹ dáadáa."

Ẹ jẹ́ n sọ bí baba yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Lójú tirẹ̀, táyà ò tíì kún àfi tó bá fi sípánà gbá a tó dún gbàn. Gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló ti gbọ́ ìdí rẹ̀: kẹ̀kẹ́ tó fi kọ́ṣẹ́, iṣu àti àpò kòkó ni wọ́n ń rù, táyà tó bá sì rọ̀ lábẹ́ àpò kòkó, rímù á gé túùbù jẹ ni. Nítorí náà, tìfẹ́tìfẹ́ ló fi fẹ́ táyà Rùkáyà títí tó fi le koko. Ó tún ní kó fi páǹpù ọwọ́ rẹ̀ sílé, pé kí ló fẹ́ fi ṣe?

Nígbà tí Sátidé dé, Rùkáyà kí ìrun àsùbáà, ó gbéra. Agogo mẹ́sàn-án ò tíì lù tó ti kọjá Iléṣà, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó yà sí ọ̀nà oko. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò! Ó fò síbí, ó ta sọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yọ̀, díẹ̀ ló kù kí Rùkáyà balẹ̀ sínú kòtò. Kí lẹ tún rò pé ó yọ lẹ́yìn rẹ̀? Ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ká gbé yín?" ni dírẹ́bà bi í.

"Ẹ máa lọ! Ẹ ṣeun!" Ohùn rẹ̀ ti fẹ́ di ẹkún.

Ọkọ̀ lọ. Ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà, ó le bí òkúta tó wà nílẹ̀. Ó ronú. Táyà yìí kan náà ló gùn ní Ọ̀fàtẹ̀dó, òkúta náà ò sì yàtọ̀. Kí ló wá yàtọ̀? Ó pàtẹ́wọ́. Epo tó tán nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà! Táyà ò kún dé ìdajì nígbà tó gùn ún.

"Iṣu dà? Kòkó dà?" ló bi ara rẹ̀. "Ṣebí èmi nìkan ni mo wà lórí ẹ̀!"

Ṣùgbọ́n kò sí páǹpù. Bí afẹ́fẹ́ bá jáde ju bó ṣe yẹ lọ, ó parí nìyẹn. "Bísímílláhì." Ó tẹ fáàfù, ó dún ṣììì. Ó fọwọ́ kàn án, ó tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi wọlé díẹ̀ sára táyà. Ó ṣe ti ẹsẹ̀ kejì náà bẹ́ẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́.

Ẹní ni! Ó tún di orí ẹní! Rùkáyà kọrin, ó kígbe, ó ń kí àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ̀ rí. Oòrùn ò tíì dé àtàrí tó fi dúró níwájú ìyá rẹ̀, eruku bò ó látòkè délẹ̀.

Àpìkẹ́ dìde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Ọma mi! O gùn ún dé!" Ó yí kẹ̀kẹ́ po, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ táyà. "Eléyìí rọ̀ o."

"Bó ṣe rọ̀ yẹn ló gbé mi dé, Mọ̀ọ́mi."

Ìyá wo kárià tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú gèlè.

"Fọganáísà wà ní ìkòríta. Lọ fẹ́ ẹ kó le díẹ̀ sí i."

"Nítorí kí ni?"

"Ṣé bó ṣe rọ̀ yìí lo fẹ́ fi gbé èmi náà?" Àpìkẹ́ ń so gèlè rẹ̀. "Gbogbo àwọn tó rí ọ lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́sí, a ó gba iwájú ilé wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan."